Bàbá Oníférémù àti Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Káábà

Níbi ìsìnkú bàbá bàbá mi ní Ọ̀yọ́, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló sọ fún mi pé àwọn ni Bàbá fẹ́ràn jù láyé. Mo kà wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ fadá, ọ̀kan ń ta kẹrosíìnì, ọ̀kan ò tilẹ̀ mọ orúkọ tí Bàbá ń jẹ́ gan-an. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni mò ń mi orí, tí mò ń ní "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí." Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹ má baà rò pé ọmọlúàbí ló ń kọ ìwé yìí: òjòwú ni mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń jowú nítorí ọkùnrin yìí, ikú rẹ̀ kò sì tíì wò mí sàn.

Orúkọ rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù Àyìnlá, ṣùgbọ́n Bàbá Oníférémù ni gbogbo Ọjà Akẹ̀sán ń pè é. Àwòrán mímọ́ tí àwa Àgùdà máa ń gbé kọ́ sílé ni iṣẹ́ rẹ̀: Ọkàn Mímọ́ Jésù, Màríà Wúńdíá, Mikáẹ́lì tòun ti idà. Yóò gé igi, yóò gé gíláàsì, yóò fi páálí dí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò kan ìṣó sí i yí ká. Àwọn Mùsùlùmí náà ń gbé tiwọn wá, àwòrán Káábà ní Mẹ́kà àti ẹsẹ̀ Kùránì tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni màmá mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, Ọ̀yọ́ ni mo sì ti ń lo họlidé. Họlidé mẹ́ta lọ́dún ni Bàbá fi jẹ́ tèmi. Gbogbo ọjọ́ tó kù, ti Sìkírátù ni.

Ọmọ Ààfáà Búsàrí ni Sìkírátù, ilé-kéwú bàbá rẹ̀ sì kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá gan-an. Ọdún kan ló fi jù mí lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ní kó máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá bó bá ti ilé-ìwé dé. Ó mọ gíláàsì gé débi pé yóò fa ìlà kan ṣoṣo, yóò fi ìka kan án, gíláàsì náà yóò sì pín sí méjì láìjanpata. Èmi ńkọ́? Bí mo bá fọwọ́ kan ọ̀bẹ gíláàsì báyìí, Bàbá á ní, "Terésà, fi í sílẹ̀, á gé ọ lọ́wọ́." Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé ṣé kì í gé Sìkírátù lọ́wọ́ ni. Ó fa ọwọ́ Sìkírátù, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún àpá hàn mí, ó ní, "Tirẹ̀ ti gé tán."

Bàbá fẹ́ràn ìjà. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́, ìjà ibi tí ènìyàn gbé àwòrán kọ́ sí ni. Bí o bá ra Ọkàn Mímọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè yọ sí ọ lẹ́yìn oṣù kan, kó ní òun kàn ní kí òun kí yín ni, kó sì jẹ́ pé ògiri yín ló wá yẹ̀ wò. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ọjà, tíṣà ni, òun ló gbé Jésù kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Bàbá bá a jà títí ọkọ rẹ̀ fi jáde láti yàrá tòun ti ìró ní ìbàdí.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" ọkọ obìnrin náà bi í.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbàdúrà, tí iná wá dé, ta lẹ máa wò?"

Wọ́n gbé Jésù lọ sí ògiri kejì kó tó kúrò níbẹ̀.

Ìyá tó bí mi, Onítẹ̀bọmi ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ère ni gbogbo ohun tí Bàbá ń fi férémù sí. Kò fẹnu sọ ọ́ fún bàbá ọkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa sọ ọ́. Nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú, Bàbá Oníférémù ló bá a fi férémù sí fọ́tò olóògbé náà, ó sì fi ṣe ẹ̀bùn. Láràárọ̀ ni màmá mi ń nù ún, bó bá sì ti ń nù ún ni yóò máa ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá mi." Bàbá wá kí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó sí pálọ̀, ó gbọ́ ọ.

"Ìyàwó mi, ta lò ń kí?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Màmá mi wo férémù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. "Bàbá, èyí yàtọ̀ o."

"Ó yàtọ̀," ni Bàbá wí. "Gíláàsì tiyín ló nípọn jù."

Kò sí àwòrán mímọ́ kan tí ó sọ nù rí. Èyí tí òjò bà jẹ́, èyí tí èkúté jẹ lẹ́tí, èyí tí wọ́n tẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, yóò kó gbogbo wọn pamọ́ títí di ìgbà Lẹ́ńtì. Àwọn ará ìjọ pàápàá máa ń gbé èyí tó gbó nílé wọn wá fún un. Yóò wá fi iná sun wọ́n lẹ́yìn ilé, yóò sì ri eérú wọn sí ìdí igi ọsàn, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti ní tẹ̀ ẹ́. Kì í da ojú wọn dé ilẹ̀. Kì í gbé nǹkan lé wọn. Mo já igun ìwé kan tó ti ya mú nígbà kan, mo fi di ẹ̀pà. Igun náà kò ju ìka mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ Jósẹ́fù nìkan ló wà lórí rẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó da ẹ̀pà náà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹsẹ̀ tó rìn dé Íjíbítì nìyí, ìwọ fi ń di ẹ̀pà."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tó jẹ́ kí n tó sọ irọ́ tó pa.

Nísàlẹ̀ àwòrán Ọkàn Mímọ́, ìlà máa ń wà níbẹ̀ tí a ń kọ orúkọ ará ilé sí, lọ́jọ́ tí fadá bá wá fi àwòrán náà jẹ ọba nínú ilé. Orí ìlà kẹsàn-án ni orúkọ mi wà ní ti ilé Bàbá. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀, mo máa ń kà á: Terésà. Orúkọ Sìkírátù kò sí níbẹ̀, mo sì máa ń dìídì dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, tó ń ka orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan, bó bá ti kà á tán ni yóò fi "Sìkírátù ọmọ Búsàrí" kún un. Ara mi kò gbà á. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, kò sí lórí ìlà." Kò tilẹ̀ lajú. Ó ní, "Ìlà ló tán."

Òun àti Ààfáà Búsàrí ti ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí Ààfáà bá ti kí ìrun Àláásàrí tán, yóò sọdá títì, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀.

"Pọ́ọ̀lù, ta ló rí ojú Mikáẹ́lì tẹ́ ẹ fi ń yà á?"

"Ìwọ rí i ni? Bó bá jẹ́ pé o rí i, wá bá wa tún un yà."

Ààfáà á rẹ́rìn-ín títí, á fi etí láwàní nu ojú. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ Kùránì wá fún Bàbá, yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọkùnrin ìjọ wa kan rí i, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti di ìmàle ni?" Bàbá ń gbọn omi dànù lọ́wọ́. "Oníbàárà mi ló jẹ́ ìmàle," ó ní. "Ọwọ́ mi ló dọ̀tí."

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Họlidé ńlá ni. Ẹnì kan tó lọ sí Mẹ́kà gbé àwòrán Káábà ńlá kan wá fún ilé-kéwú Ààfáà, wọ́n sì gbé e wá fún Bàbá. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé e fún Sìkírátù, ó ní kó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun náà wá káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Nígbà tó ṣe é tán, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Bàbá pe télọ̀ tó wà nítòsí, ó pe obìnrin alátẹ, ó ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ Sìkírátù sókè lójú gbogbo wọn, ó ní, "Bí mo bá kú, inú ọwọ́ yìí ni kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí."

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò rí ilẹ̀ tí mò ń gbá mọ́.

Nígbà tí àkókò Àláásàrí tó, Sìkírátù lọ kírun, Bàbá sọdá lọ bá Ààfáà ní òdìkejì títì. Mo mú ẹ̀mú, mo fa àwọn ìṣó ẹ̀yìn férémù náà yọ. Mo fa Màríà Wúńdíá kan yọ láàárín àwọn àwòrán, èyí tó wọ aṣọ búlúù, mo tẹ́ ẹ sí àárín Káábà àti páálí, mo sì kan ìṣó padà. Mo rò pé wọ́n á tú u wò kí wọ́n tó gbé e kọ́, wọ́n á bá Màríà níbẹ̀, Ààfáà á bínú, á sì mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Bàbá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò tú u. Wọ́n gbé Káábà kọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kéwú ń kàwé lábẹ́ rẹ̀, èmi sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó yá, mo gbàgbé.

Kí Kérésìmesì ọdún yẹn tó dé, ìjà ẹ̀sìn ti dé bá wa. Ilé-ìwé kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ láyé àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin má wọ híjáàbù wọlé. Àwọn òbí wọn dé ẹnu géètì, àwọn òbí Kìrìsìtẹ́nì náà dé, òkúta fò, wọ́n sì la orí ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni oníwàásù kan ti ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá sẹ́nu ọjà, tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí náà sì ń dá a padà. Àwọn tó ti jọ ń jẹun láti kékeré wá ń kí ara wọn tìkọ̀-tìkọ̀. Ìjọ ní kí Bàbá kó nǹkan ìmàle kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí náà ní kí ẹnikẹ́ni má gbé Káábà lọ fún un mọ́. Bàbá gbé Màríà àti Káábà síta, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Gíláàsì kan náà ni mo gé fún wọn," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí Kérésìmesì pé, mo sì ti dé Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ burúkú. Afẹ́fẹ́ já Káábà lulẹ̀ nínú ilé-kéwú, gíláàsì fọ́, páálí ṣí, Màríà sì yọ lójú gbogbo ọmọ kéwú.

Ìró ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi ogún ni, ẹni tó wà níwájú gbé férémù náà dání, òkúta wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ààfáà ń tẹ̀ lé wọn, ó ń pè wọ́n padà, wọn ò dá a lóhùn. Láti apá kejì, àwọn tiwa náà ti gbọ́, katikíìsì, olùkọ́ni ìjọ wa, ló ṣáájú wọn, igi wà lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àtẹ. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìtọ̀ sì bọ́ lára mi.

"Ẹ wo ohun tí wọ́n fi sẹ́yìn Káábà!" ni ọ̀dọ́kùnrin náà kígbe. "Ère! Ère ni wọ́n ní ká máa kọjú sí!"

Ààfáà kò wo Bàbá. Ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ló kọjú sí. "Sìkírátù, ìwọ lo kan férémù yìí?"

Sìkírátù lanu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Bàbá ti gba férémù náà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀," ó ní.

Ààfáà sún mọ́ ọn.

"Kí ló dé, Pọ́ọ̀lù?" Ohùn Ààfáà ti lọ sílẹ̀.

"Páálí ò tó. Mo mú ohun tí ọwọ́ mi bà nílẹ̀."

"O fi Màríà ṣe páálí?"

"Mo fi ṣe páálí. Ìwé náà ló nípọn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. "Ẹ gbọ́ o, Màríà tiẹ̀ gan-an ló fi dí ihò!" Òmíràn rẹ́rìn-ín, òmíràn pòṣé, mo sì rí òkúta tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sílẹ̀. Bí arúgbó kan bá bú ẹ̀sìn rẹ, wàá bá a jà. Bó bá jẹ́ pé òmùgọ̀ arúgbó tí kò bọ̀wọ̀ fún ti ara rẹ̀ ni, kí lo fẹ́ bá a fà? Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Katikíìsì wo Bàbá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Bàbá, Ìyá Olúwa lẹ fi ṣe páálí?" Bàbá ní, "Mo ti sọ ọ́." Katikíìsì ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ. Ààfáà fa Sìkírátù lọ́wọ́, wọ́n sọdá títì. Kò sẹ́ni tí wọ́n lù lọ́jọ́ náà. Kò sì sẹ́ni tó bá Bàbá sọ̀rọ̀.

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò dùn ún tó ti Ọ̀nà Àgbélébùú. Àwòrán mẹ́rìnlá tó ń sọ ìyà Olúwa ni ìjọ fẹ́ gbé kọ́ yí ògiri ká, wọ́n sì ti ṣèlérí fún Bàbá pé òun ni yóò fi férémù sí wọn. Ó ti fá igi rẹ̀ sílẹ̀, ó ti to wọ́n sábẹ́ ibùsùn fún ọdún méjì. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó wá láti Ìbàdàn. Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá fi jókòó lábẹ́ férémù ẹlòmíràn láràárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó sọ nǹkan sí i. A ń jáde ní ìsìn, ó rọra fi ẹnu kan etí mi, ó ní, "Ìkẹfà wọ́ díẹ̀."

Sìkírátù kò padà wá. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀ wàyí, pé Bàbá yóò pè mí sídìí tábìlì iṣẹ́. Kò pè mí. Họlidé lẹ́yìn họlidé, bí mo bá mú òòlù, yóò gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, yóò ní, "Terésà, lọ kàwé rẹ." Ìwé náà ni mo kà tí mo fi di tíṣà. Ààfáà kò sì wá sórí bẹ́ǹṣì mọ́, wọ́n kàn ń juwọ́ síra wọn láti òdìkejì títì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí lè rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ mí láti ìgbà náà. Ó jẹ mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n owú ló jẹ mí jù. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi pé Bàbá sọ orúkọ rere rẹ̀ nù lójú gbogbo ọjà kí wọ́n má baà bi Sìkírátù léèrè kan ṣoṣo. Irọ́ kan tó pa láyé rẹ̀, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló pa á. Èmi ni mo dá ọ̀ràn, Sìkírátù ni Bàbá fi ìfẹ́ hàn sí.

Sìkírátù lọ parí iṣẹ́ náà ní ìlú mìíràn, ó fẹ́ ọkọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù férémù sí àdúgbò Takie níbẹ̀. Ẹ wo orí burúkú mi: ojú ọ̀nà ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ni. Kẹ̀kẹ́ a máa gbé mi kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, èmi a sì yí ojú mi sí òdìkejì. Nígbà tí Bàbá wá kí mi kẹ́yìn, Takie ló ti sọ̀ kalẹ̀. Wákàtí méjì ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ilé mi, ọbẹ̀ tí mo sè ti tutù. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sọ. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Nígbà tí a ń gbé fọ́tò Bàbá bọ̀ láti ibi ìsìnkú, gíláàsì rẹ̀ sán. Màmá mi ní kí n gbé e lọ sí Takie. Mo ní oníférémù pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló yẹ kó ṣe é bí kò ṣe Sìkírátù?"

Mo gbé e lọ. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ó gba fọ́tò náà, ó jókòó, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀. Èmi dúró. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sunkún náà, owú ni mò ń jẹ.

"Ó nífẹ̀ẹ́ ẹ gan-an," mo ní. "Ó purọ́ nítorí ẹ."

Ó gbójú sókè. "Irọ́ wo?"

"Irọ́ Màríà. Kí wọ́n má baà dá ẹ lẹ́bi."

Ó wò mí pẹ́. "Nítorí mi kẹ̀? Terésà, ìwọ ló purọ́ fún."

"Èmi kẹ̀?" mo ní.

"Mo yọ́ lọ bá a ní ọjọ́ kẹta," ó ní. "Mo ń sunkún. Mo ní, 'Bàbá, Wàláhì, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀.' Ó ní òun mọ̀. Ó gbé férémù náà jáde, ó da ẹ̀yìn ẹ̀ kọ mí. Ìṣó mẹ́jọ, márùn-ún ti tẹ̀. Ó ní, 'Tìrẹ kì í tẹ̀. Ọwọ́ Terésà nìyí.'"

"Mi ò kan ìṣó lójú ẹ̀ rí."

"O máa ń kàn án sára àwókù igi bó bá ti kúrò níbẹ̀. Ó máa ń rí i. Ó ní bí òun bá ní òun kò mọ ẹni tó ṣe é, wọ́n á wá a jáde, bí wọ́n bá sì rí i pé ọmọ Àgùdà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n á pa ẹ́. Ó bẹ̀ mí kí n pa ẹnu mọ́. Arúgbó yẹn fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo sáré dì í mú. Mo pàdánù iṣẹ́ mi nídìí ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi bínú sí ẹ."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi pé òun mọ̀? Kí ló dé tí kò tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà?"

"Ó ní bó bá tún rí òòlù lọ́wọ́ ẹ, ojú òun á tú òun fó. Ó ní bó o bá sì mọ̀ pé òun mọ̀, ojú á tì ẹ́, o ò ní wá lo họlidé lọ́dọ̀ òun mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, mo sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láyé, owú mi á tán. Kò tán. Ó pa irọ́ náà nítorí mi, ṣùgbọ́n Sìkírátù ló bá sọ òótọ́, fún ọdún mọ́kànlélógún, wákàtí méjì-méjì. Mo sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú. Ó bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "O ò ní gbọ́n láéláé," ó ní.

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní Bàbá ti bá mi tọrọ ti òun tán, ti bàbá òun ló kù. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó kọ̀. "Ìwọ nìkan lo ṣe é," ó ní, "ìwọ nìkan ni kó o lọ sọ ọ́." Mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ààfáà Búsàrí ti dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó jókòó sórí ẹní níwájú ilé-kéwú, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì pa. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀mú títí dé orí ìṣó. Mi ò fi owú náà pamọ́. Mo ń retí kó bú mi, kó lé mi, kó ké sí àwọn ọmọ ilé.

Kò ṣe ọ̀kankan. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi gbàgbé ibi tó ka á dé.

"Pọ́ọ̀lù ní òun fi Màríà ṣe páálí," ó ní, "mo sì gbà á gbọ́. Èmi tí mo jókòó tì í fún ogójì ọdún."